Ọmọlójú Martha

Lọ́jọ́ Sátidé tí Martha máa gba fírídọ̀ọ̀mù nídìí iṣẹ́ télọ̀, Aunty Kúnbi, ọ̀gá rẹ̀, ló fúnra ẹ̀ mú tìróò pé òun máa lé e fún un. Ìsàlẹ̀ ilé alájà kan ní Ìkòsì ni ṣọ́ọ̀bù wọn wà. Wọ́n ti gbálẹ̀, wọ́n ti to àga síta, wọ́n sì ti gbé òdòdó tí Martha já ní Mende sórí tábìlì. Àtàndá, baba Martha, tó máa ń fi ọkọ̀ akẹ́rù kó iṣu láti Ìsẹ́yìn wá sí Mile 12, jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú ilé, ó dé fìlà tuntun. Gbogbo ẹni tó bá ń kọjá ló ń sọ fún pé ọmọ òun ló ni ọjọ́ òní.

"Wòkè," ni Aunty Kúnbi wí.

Martha wòkè. Aunty Kúnbi dáwọ́ dúró.

"Ṣé nǹkan kó sí ẹ lójú ni?"

"Rárá, mà. Ojú ọ̀tún yìí kàn ń ṣe bàìbàì ni. Mo fẹ́ fi òwú sí abẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀kan, mi ò rí ihò ẹ̀."

Aunty Kúnbi mú un jáde sínú oòrùn. Ọmọlójú apá òsì sún kì bí orí píìnì, ṣùgbọ́n tọ̀tún fẹ̀ débi pé díẹ̀ ló kù kó gba gbogbo ẹyinjú. Aunty Kúnbi rántí nǹkan kan. Lọ́dún tó kọjá, ará àdúgbò wọn kan ṣubú lórí ọ̀kadà. Bí ojú ọkùnrin náà ṣe rí gan-an nìyẹn kí wọ́n tó sọ pé ẹ̀jẹ̀ ti dà sínú ọpọlọ rẹ̀.

"Bàbá Martha, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde. A ń lọ sí ọsibítù."

Wọ́n wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ sí Kétu. Lójú ọ̀nà, Àtàndá di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú bí ìgbà tó wà ní kékeré.

Dókítà Vivian ló wà ní ẹ̀ka ìtọ́jú pàjáwìrì. Obìnrin tí kì í kánjú sọ̀rọ̀ ni.

"Ṣé orí ń fọ́ ẹ? Ṣé o bì? Ṣé o ṣubú, àbí nǹkan gbá ẹ lórí?"

Martha ní rárá sí gbogbo rẹ̀. Dókítà ní kó rẹ́rìn-ín, kó na ọwọ́ méjèèjì, kó fi ojú nìkan tẹ̀ lé ìka òun. Ẹyinjú rẹ̀ yí síbi gbogbo, ìpéǹpéjú rẹ̀ ò sì wálẹ̀. Lẹ́yìn náà, dókítà pa iná yàrá, ó tan tọ́ọ̀ṣì. Ọmọlójú òsì sún kì lójú ẹsẹ̀. Tọ̀tún ò mira.

"Dókítà," ni Àtàndá wí, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, "ẹ má fi nǹkan kan pa mọ́ fún mi. Òun nìkan ni ìyá ẹ̀ fi sílẹ̀ fún mi."

"Daddy, ẹ fara balẹ̀. Tó bá jẹ́ pé nǹkan tó ń tẹ ọpọlọ ló mú ọmọlójú fẹ̀ tó báyìí, kò dájú pé ẹ máa rí i kó jókòó máa bá mi sọ̀rọ̀. Àmọ́ ẹ jẹ́ kó dá mi lójú ná. Martha, kí lo fọwọ́ kàn láàárọ̀ yìí?"

"Àga ni mo tò, mà. Mo sì gé ìdí òdòdó."

"Irú òdòdó wo?"

"Funfun ni. Ó gùn bíi fèrè, ó sì dorí kodò. Omi ẹ̀ ta sí mi lọ́wọ́. Òógùn bò mí, ni mo bá fi ọwọ́ yẹn nu ojú."

Ìgbà yẹn ni dókítà kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. "Ìbátan gégemu, ewéko olóró yẹn, ni òdòdó náà. Tí omi ẹ̀ bá kan ojú, ọmọlójú á ṣí gbàgà, kò sì ní lè sún kì. Mo máa kán oògùn kan sí ojú méjèèjì. Oògùn yẹn máa ń mú ọmọlójú kéré. Tó bá jẹ́ òdòdó ló ṣe é, ojú ọ̀tún ò ní dá a lóhùn."

Wọ́n kán an, wọ́n sì dúró. Ọmọlójú òsì kéré sí i, ó dà bí ẹyọ yànmọ̀tí. Tọ̀tún wà bó ṣe wà.

"Òdòdó ni," ni dókítà wí. "Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ojú ẹ̀ á padà sípò fúnra ẹ̀. Ẹ lọ fọwọ́, gbogbo yín. Àmọ́ kí Martha ṣì wà níbí títí di ọ̀sán, kí n tún wò ó."

Àtàndá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó ń rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. Fìlà tuntun ló fi nù ún.

Aunty Kúnbi ti ń tẹ fóònù. "Ẹ kó kúlà oúnjẹ yẹn máa bọ̀ ní Kétu," ló ń sọ fún àwọn àlejò. "Ẹni tí a fẹ́ dá sílẹ̀ wà níbí."

Wọ́n dé lóòótọ́, wọ́n tẹ́ ẹní sábẹ́ igi inú ọgbà. Nọ́ọ̀sì àgbà, tó ń jẹ́ Ládé, gbà fún wọn bí wọn ò bá ti ní pariwo. Martha kúnlẹ̀. Aunty Kúnbi gbé sísọ́ọ̀sì lé e lọ́wọ́, ó fi téèpù kọ́ ọ lọ́rùn, ó ní, "O sìn mí tọkàntọkàn. Ọwọ́ ẹ á máa ríṣẹ́ ṣe, iṣẹ́ á sì máa yẹ ọ́." Dókítà Vivian náà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣe àmín pẹ̀lú wọn.

Wọn ò tíì jẹun tán tí Nọ́ọ̀sì Ládé fi wá dúró níwájú Martha.

"Télọ̀ tuntun, àbúrò mi ń ṣègbéyàwó lóṣù tó ń bọ̀. Wá wọn mí."

Inú Martha dùn, ó na téèpù, ṣùgbọ́n oògùn tí wọ́n kán ti mú ojú òsì náà ṣe bàìbàì, kò rí nọ́ńbà orí ẹ̀ kà. Baba rẹ̀ dìde, ó ní òun máa bá a kà á. Martha wọn àyà, Àtàndá tẹjú mọ́ téèpù náà dáadáa, ó sì ké nọ́ńbà kan jáde tí kò lè jẹ́ ti èèyàn kankan.

"Bàbá, sẹ̀ǹtímítà ẹ̀yìn téèpù lẹ ń kà, ínṣì la fi ń wọn èèyàn," ni Martha wí.

Nọ́ọ̀sì Ládé ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín.