Ìwẹsẹ̀ Nínú Pálọ̀ Wa

Ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn tí dókítà fi iṣẹ́ abẹ na ìka ẹsẹ̀ mi tó ká bí ìwọ̀ ni Àsè Ìfẹ́ ìjọ wa, alẹ́ tí a ń wẹ ẹsẹ̀ ara wa tí a sì ń jẹun pọ̀ bí Jésù ti ṣe, bọ́ sí. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ ṣì wà nínú ìka náà, orí rẹ̀ yọ síta bí abẹ́rẹ́ tí a gbàgbé sára aṣọ. Omi kò gbọ́dọ̀ kàn án, n kò sì gbọ́dọ̀ sọ ẹsẹ̀ náà kalẹ̀ kúrò lórí ìrọ̀rí. Galen, ọkọ mi, ti lọ bá àwọn ará se ẹran màlúù ní ilé ìjọsìn. Èmi nìkan ló kù nílé.

Kí n sọ òótọ́, ara tù mí pé n kò ní lọ. Ọgbọ̀n ọdún ni Arábìnrin Treva, ẹ̀gbọ́n Galen, fi jókòó tì mí níbi ìwẹsẹ̀. Yóò wẹ ẹsẹ̀ mi, n ó wẹ tirẹ̀, a ó sì fi ìfẹnukonu mímọ́ kí ara wa. Láti ọdún méjì ló ti sá lọ sí ilé ìdáná, ó ní ìkòkò ni òun ń ṣọ́. Lọ́dọ̀ wa ní Virginia yìí, ẹni tó bá sá fún omi ẹsẹ̀ ẹnìkejì rẹ̀, ó ń dì í sínú ni. Nígbà tí àwọn díákónì sì wá bèèrè, bí wọ́n ti ń bèèrè ní gbogbo ilé kí àsè tó dé, bóyá mo wà ní àlàáfíà pẹ̀lú gbogbo ará, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Irọ́ ni mo pa, Olúwa sì gbọ́.

Ní nǹkan bí aago mẹ́rin ni ilẹ̀kùn ṣí. Treva ló wọlé, ó gbé abọ́ ìwẹsẹ̀ há abíyá, ó fi táwẹ́ẹ̀lì kọ́ èjìká. Ó wo ẹsẹ̀ mi lórí ìrọ̀rí.

"Ìyàwó wa, ìka yìí ti wá tọ́ ju ìwà ẹni tó ni ín lọ."

N kò rẹ́rìn-ín. Mo sọ fún un pé dókítà kò fẹ́ omi níbẹ̀. Ó ní ta ló ń sọ ti ẹsẹ̀ mi. Ó lọ pọn omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wá, ó jókòó sí apá kejì àga gbọọrọ tí mo wà lórí rẹ̀, ó bọ́ bàtà. Ó di ìbọ̀sẹ̀ mú fún ìgbà díẹ̀, kó tó fà á.

Mo wò ó. Ìka méjì péré ló kù. Àtàǹpàkò kò sí, méjì tó tẹ̀ lé e kò sí. Ojú ibẹ̀ súnkì bí ẹnu àpò tí wọ́n rán pa.

"Ìtọ̀ ṣúgà ni," ó ní. "Lọ́dún méjì sẹ́yìn tí mo ní mò ń lọ sí Ohio, ilé ìwòsàn ni mo lọ, ibẹ̀ ni wọ́n ti gé e."

"Mo ṣebí ẹ̀ ń bá mi bínú ni."

"Kí lo ṣe fún mi? Ojú ló ń tì mí. Galen wá ní ò ń sunkún lórí ìka kan ṣoṣo. Mo ní, ẹni tó mọ ohun tí ìka kan jẹ́ ló lè wo èyí."

Ojú ti èmi náà. Mo jẹ́wọ́ irọ́ tí mo pa fún àwọn díákónì fún un, mo ní nítorí rẹ̀ ni.

"Ọdún méjì," ó ní. "Èmi sì rò pé o ò tiẹ̀ mọ̀ pé mi ò sí níbẹ̀."

N kò lè kúnlẹ̀ bó ti yẹ. Ó gbé ẹsẹ̀ náà lé mi nítan, lórí táwẹ́ẹ̀lì, mo sì fa abọ́ mọ́ra. Mo fi ọwọ́ bu omi sí ibi tí àwọn ìka náà wà tẹ́lẹ̀. Ó ní kí n rọra, pé àwọn ìka tí wọ́n gé náà ṣì ń dun òun.