Ìwé Ará Íjíbítì ní Pópó Yemọja

Bí ènìyàn bá fẹ́ mọ ohun tí Ìyá Ẹlẹ́ní fi ń yangàn, kò ní láti béèrè. Kó ṣáà lọ ra ẹní lọ́wọ́ rẹ̀ ní Ọjà'ba. Kí ìyá tó ká ẹní náà tán, oníbàárà á ti gbọ́ pé Zulaihat, ọmọ ọmọ rẹ̀, gboyè nínú èdè Lárúbáwá ní yunifásítì, àti pé bí ẹni ń mu omi ni ọmọ náà ń kà á. Àwọn ọmọ Ìyá Ẹlẹ́ní lọ́kùnrin ti bá a fa ọ̀rọ̀ náà nígbà kan. Wọ́n ní kí ni obìnrin fẹ́ fi Lárúbáwá ṣe, ṣé ó fẹ́ di lèmọ́mù ni? Ìyá ní ẹni tí kò bá fẹ́ gbọ́ kó di etí. Òun ló fi Zulaihat sí ilé kéwú, òun náà ló sì ń fi í fọ́nnu káàkiri Pópó Yemọja.

Lẹ́yìn tí ọyẹ́ kọjá, Zulaihat yá ìwé kan wálé. Ará Íjíbítì kan ló kọ ọ́ lórí àdúgbò kan ṣoṣo ní ìlú Káírò. Ìtàn kéékèèké ni: ilé yìí lónìí, ilé tọ̀hún lọ́la, ṣùgbọ́n ẹni tó ń ta ẹ̀wà nínú ìtàn kan lè wá ṣe alárinà ìyàwó nínú òmíràn. Bí wọ́n bá ti kírun alásàárì tán, Zulaihat á jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ agboolé, á ka gbólóhùn kan ní Lárúbáwá, á sì sọ ọ́ ní Yorùbá. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kó tó lanu túmọ̀, àwọn obìnrin ti fa ìborí borí, wọ́n ti ń ṣe àmín. Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹlẹ́wà tó ń bá ìyàwó rẹ̀ jà nítorí iyọ̀ ló ń kà! Ìyá Ẹlẹ́ní ní kí wọ́n yéé rẹ́rìn-ín, àmín kì í ṣòfò.

Kò pẹ́ tí agboolé fi gba ìwé náà bí ohun ìní wọn. Kò sí Máápó ní Káírò lóòótọ́, ṣùgbọ́n òfófó wà níbẹ̀, àna tó le wà níbẹ̀, àgbà tó ń jẹun lójú ọmọdé tí kì í fi oúnjẹ sílẹ̀ náà wà níbẹ̀. "Ẹ ò rí i?" Ìyá Ẹlẹ́ní á ní. "Irú tiwa yìí ni wọ́n fi ń ṣe ìwé."

Ọjọ́ tí Zulaihat ka ìtàn àwọn ọmọ ìyá méjì kan ni wàhálà dé. Ẹyẹlé àbúrò ń su sórí aṣọ tí ẹ̀gbọ́n sá. Ẹ̀gbọ́n bá mọ ògiri sí àárín ilé bàbá wọn, kò sì bá àbúrò rẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́. Zulaihat pa ìwé dé níbẹ̀, ó ní ó tán.

Kò sẹ́ni tó fẹ́ kí wọ́n bá ojú òun lára ògiri búlọ́ọ̀kù tó gé ọ̀dẹ̀dẹ̀ tiwọn náà sí méjì. Èjìdé, ọ̀kan nínú àwọn àgbà agboolé, ló mọ ọ́, nígbà tí àgùntàn Àkíbù, àbúrò rẹ̀, jẹ gbodo àmàlà tí ìyàwó Èjìdé sá. Láti ọjọ́ náà, ẹnu wọn kò pàdé. Kódà bí wọ́n bá wá gbọ́ ìwé, Èjìdé á wà níhìn-ín ògiri, Àkíbù á wà lọ́hùn-ún pẹ̀lú ikọ́ tó ti ń wú láti ìgbà ọyẹ́, Zulaihat á sì jókòó síbi tí ògiri parí sí, kí tọ̀tún tòsì lè gbọ́.

Wọ́n ní bí òwe bí òwe là ń lu ìlù àgídìgbo. Èjìdé gbà pé òun ni wọ́n ń lù ú fún. Ó fò dìde.

"Zulaihat, èmi lò ń bú? O ń tú àṣírí ilé wa síta, o wá ń fi Íjíbítì bò ó mọ́lẹ̀!"

"Bàbá, ẹ má bínú. Ohun tó wà nínú ìwé ni mo kà."

"Irọ́! Lọ́la, Ààfáà Abdulmumin ti mọ́ṣáláṣí wa á bá wa yẹ̀ ẹ́ wò. Tí kò bá sí níbẹ̀, ìwé kíkà ti parí ní agboolé yìí nìyẹn, kí Ìyá náà má sì pariwo Lárúbáwá sí wa létí mọ́."

Ìyá Ẹlẹ́ní dá a lóhùn dáadáa, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Òun alára kò mọ ju Lárúbáwá tí wọ́n fi ń kírun lọ. Ìtàn yẹn sì ti jọ ti Èjìdé jù. Bó bá jẹ́ pé ọmọ yìí hun ún látinú orí ara rẹ̀ ńkọ́? Gbogbo ẹnu tí òun ti fọ́n ní Ọjà'ba, ibo ni òun fẹ́ kó o sí? Ó fẹ́ bi Zulaihat léèrè, ó sì ń bẹ̀rù ohun tí yóò gbọ́. Ojú ara rẹ̀ tì í pé òun tilẹ̀ rò ó.

Lọ́jọ́ kejì, agboolé kún. Ààfáà jókòó, ó ní, "Bí a ti ń ṣe tàfúsírù Kùránì lóṣù ààwẹ̀ la ó ṣe é. Ẹnìkan á máa kà, ẹnìkan á máa túmọ̀. Zulaihat, ìwọ ni ajánásì mi lónìí, ìwọ lo máa kà."

Obìnrin di ajánásì! Wọ́n ń kùn, orí Ìyá Ẹlẹ́ní sì wú, bí ẹ̀rù tilẹ̀ wà nínú rẹ̀. Zulaihat ń kà, ohùn rẹ̀ já gaara, Ààfáà ń túmọ̀: ẹyẹlé, aṣọ, ògiri. Bí ọmọ náà ṣe sọ ọ́ lánàá gan-an ni. Ìyá Ẹlẹ́ní tún gèlè rẹ̀ wé, ó ń wo ọ̀tún, ó ń wo òsì. "Ṣé ẹ gbọ́? Ṣé ẹ gbọ́?"

Zulaihat gbé ojú kúrò nínú ìwé. "Ó parí síbẹ̀, Ààfáà."

Ààfáà na ọrùn wo ìwé. "Kò tíì parí. Ó ku ojú ewé kan."

Ìyá Ẹlẹ́ní yíjú wo Zulaihat.

"Ẹ jọ̀ọ́, Ààfáà," Zulaihat ní, "ẹ jẹ́ kó parí síbẹ̀."

"Ẹ ò rí i!" Èjìdé pariwo. "Ó ń fi nǹkan pamọ́! Ẹ kà á, Ààfáà!"

Ààfáà gba ìwé. Ó kọ́kọ́ kà á sínú, ojú rẹ̀ sì yí padà. Lẹ́yìn náà ló túmọ̀ rẹ̀, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. Àìsàn dá àbúrò dúbúlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ń gbọ́ ikọ́ rẹ̀ láti ẹ̀yìn ògiri, kò yà wò ó. Nígbà tí wọ́n fẹ́ gbé òkú àbúrò jáde, ògiri kò jẹ́ kí wọ́n rọ́nà. Ẹ̀gbọ́n fúnra rẹ̀ ló mú òòlù, ó wó o, kí òkú lè kọjá.

Àkíbù wúkọ́ lọ́hùn-ún ògiri. Ó gbìyànjú láti pa á mọ́ra, kò rí i ṣe.

Zulaihat dorí kodò. "Bàbá, mi ò lè ka ìyẹn sí yín létí, kí Bàbá Àkíbù náà sì máa gbọ́. Ẹ forí jì mí."

Ìyá Ẹlẹ́ní wo ọmọ náà. Òun ló máa ń sọ fún un láti kékeré pé kì í ṣe gbogbo ohun tí ojú rí ni ẹnu ń sọ. Kò mọ̀ pé ó ń gbọ́. Omi bọ́ lójú rẹ̀, kò sì nù ún, ó fẹ́ kí wọ́n rí i.

Èjìdé fi ọwọ́ kan ògiri náà. Ó wá yíjú sí ìyá. "Ìyá, ọmọ yín mọ̀wé," ó ní. "Ó sì bọ̀wọ̀ fún wa." Ó pe ọmọ rẹ̀, "Sàídì, bá mi mú òòlù wá."

Búlọ́ọ̀kù àkọ́kọ́ fọ́, ojú Àkíbù sì yọ láti inú ihò. Àwọn méjèèjì wo ara wọn.

"Ikọ́ yẹn," Èjìdé ní. "Ṣé o ti lo oògùn sí i?"

"Mo ti lò ó, ẹ̀gbọ́n mi," Àkíbù dáhùn. "Kò tíì lọ."

Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e ní Ọjà'ba, oníbàárà kan wá ra ẹní. Kó tó nawọ́ sí èyí tó wù ú, Ìyá Ẹlẹ́ní ti tẹ́ ọ̀kan sílẹ̀ fún un.

"Gbogbo ayé ló ti mọ̀ pé ọmọ mi ń ka Lárúbáwá," ó ní. "Ẹ jókòó, kí n sọ fún yín nípa èyí tó kọ̀ láti kà."