Téèpù Tí Mo Lẹ̀ Mọ́ Igun Ilé Ara Mi

Bí ẹ bá bi àwọn tó ń kọ́lé ládùúgbò wa pé ta ló mọ igun yàrá ṣe jù, orúkọ mi ni wọn yóò kọ́kọ́ dá. Ọ̀gá Igun ni wọ́n ń pè mí. Ẹlòmíràn lè fi pọ́tì funfun tó rí bí àmọ̀ dí ojú ògiri bọ́ọ̀dù kó sì dán, ṣùgbọ́n ibi tí ògiri méjì ti pàdé nínú yàrá, ibẹ̀ ni a ti ń mọ akọṣẹ́ yàtọ̀ sí aláriwo. Ibẹ̀ kò gba ìkánjú. Téèpù bébà ló yẹ ibẹ̀: kí èèyàn kọ́kọ́ fi pọ́tì tútù ra ògiri méjèèjì, kó ṣẹ́ bébà náà po láàárín níbi tí wọ́n ti fa ìlà sí lára rẹ̀, kó tẹ̀ ẹ́ wọ inú igun, kó wá fi ọ̀bẹ fà á wálẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, apá kan lẹ́yìn èkejì. Téèpù onínẹ́ẹ̀tì ńkọ́, èyí tó ní gọ́ọ̀mù lẹ́yìn, tó máa ń lẹ̀ mọ́ nǹkan kíákíá bí ẹni tí wọ́n pè wá jẹun? Ó dára fún ojú ògiri tó tẹ́jú. Nínú igun, kò níbi tí yóò gbà ṣẹ́, wíwú ló máa ń wú síta, tó bá sì yá, igun náà á sán láti òkè délẹ̀.

Mo ti fa irú téèpù bẹ́ẹ̀ ya kúrò lára igun tí ẹlòmíràn ṣe rí, mo sì bú ẹni náà lójú oníbàárà rẹ̀. Nítorí náà, ẹ má wulẹ̀ bi mí bóyá mi ò mọ̀ ni. Mo mọ̀.

Ní èṣí ni a kọ́ yàrá kan mọ́ ẹ̀yìn ilé wa fún ọmọ wa obìnrin. Bàbá ìyàwó mi ló gbé férémù rẹ̀ dúró, ìyẹn igi tí a kan bọ́ọ̀dù ògiri mọ́. Káfíńtà ni wọ́n, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, Bàbá Gúnrégé ni gbogbo èèyàn ń pè wọ́n torí pé igi tí wọ́n bá ti gbé nàró kì í yẹ̀. Kí wọ́n tó ra igi, wọ́n á gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé e bí ẹni ń gbọ́ ohun tó ń sọ. Bó bá tutù lẹ́rẹ̀kẹ́, a jẹ́ pé omi ṣì wà nínú rẹ̀ nìyẹn, wọn ò ní rà á. Ó lé ní ogójì ọdún tí wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà ò sì já wọn kulẹ̀ rí. Bí wọ́n ṣe yan igi yàrá ọmọ wa nìyẹn, mo wà níbẹ̀, mo tiẹ̀ ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé, “Bàbá, kí ni igi ọ̀hún wí?” Wọ́n ní, “Ó ní kí n má dá àna mi lóhùn.”

Ọjọ́ Sátidé kan ni mo ṣe igun yàrá náà. Téèpù bébà wà nínú àpò mi, mo rí i, mo fọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n bébà gba kí n po pọ́tì tuntun, ó gba kí n máa gun àkàbà sókè sódò, ó gba sùúrù, mo sì ti ń ṣe igun onígun láti Mọ́ńdé. Mo ní, ilé ara mi ni, ta ló ń bọ̀ wá yẹ iṣẹ́ mi wò? Mo mú nẹ́ẹ̀tì, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Lílẹ̀ rẹ̀ kò gbà mí ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Nígbà tó yá, mo fi pọ́tì bò ó, mo fi sáńpépà ha á, mo kùn ún lọ́dà, ó dán gbinrin. Mo tiẹ̀ ń súfèé.

Oṣù méjì lẹ́yìn náà, igun sán. Èmi, ìyàwó mi àti bàbá rẹ̀ la jọ wà nínú yàrá náà lọ́jọ́ tí a rí i. Ìyàwó mi ló nàka sí i, ó ní, “Kí lèyí?” Kó tó parí ọ̀rọ̀, mo ti mọ ohun tó jẹ́. Mo la ẹnu. Ṣùgbọ́n Bàbá ti sún mọ́ ọn, wọ́n fi àtàǹpàkò tọ ìlà náà láti ibi tí ọwọ́ wọn tó títí dé ilẹ̀, wọ́n sì mi orí.

“Igi mi ni,” wọ́n ní. “Kò tíì gbẹ tán nígbà tí mo rà á. Ó ti ń yí, òun ló ń fa ògiri ya.”

“Bàbá, ó lè má jẹ́ igi o.” Ohùn mi kò ju ti ẹ̀fọn lọ.

“Kí ló tún fẹ́ jẹ́? Ṣebí ìwọ lo ṣe igun ọ̀hún? Igun tìẹ kì í sán.”

Mo pa ẹnu mi dé. Ó yẹ kí n sọ ọ́ níbẹ̀, lójú ẹsẹ̀, nígbà tí ọ̀rọ̀ náà ṣì kéré. Mo lè sọ pé ọ̀wọ̀ ni kò jẹ́, pé ta ni yóò já bàbá ìyàwó rẹ̀ ní koro lójú ọmọ rẹ̀, ṣùgbọ́n irọ́ ni. Ìtìjú ni. Ọ̀gá Igun kò fẹ́ kí wọ́n gbọ́ pé nẹ́ẹ̀tì ló wà nígun ilé òun. Mo ní màá sọ ọ́ lọ́la. Ọ̀la di ọ̀sẹ̀, ọ̀sẹ̀ di oṣù, oṣù di mẹ́jọ.

Wọ́n ní ẹni da eérú ni eérú ń tọ̀. Èyí tí mo dà, ojú àna mi ló gbà lọ. Bàbá kò fọkàn tán ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn mọ́. Mo bá wọn dé ilé tí wọ́n ti ń ta pákó lọ́jọ́ kan, wọ́n gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé igi kan, wọ́n gbé e kúrò, wọ́n tún gbé e lé e, wọ́n wá bi ẹni tó ń tà á pé ṣé ó gbẹ. Bàbá fúnra wọn ló wá ń bi ẹlòmíràn! Wọn ò ra nǹkan kan kí a tó kúrò níbẹ̀. Nígbà tí ẹnìkan wá pe Bàbá sí iṣẹ́ òrùlé ní òpópónà kejì, Bàbá ní kó lọ wá ẹni tí ara rẹ̀ le. Ní ọjọ́ Sọ́ńdè kan tí wọ́n bá wa jẹun, ìyàwó mi di ọwọ́ wọn mú. “Bàbá, ẹ máa sinmi,” ó ní. “Ẹ ti ṣe é tó. Ara yín ò rí bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, kò sì sí ohun ìtìjú níbẹ̀.” Bàbá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní òótọ́ ni. Èmi bu omi fún wọn. Gbogbo ohun tí mo ṣe nìyẹn, omi ni mo bù.

Igun náà kò sì yéé sán. Bí ìyàwó mi bá ti lọ síbi iṣẹ́, màá wọ yàrá ọmọ bí olè, màá fi pọ́tì dí ojú ibi tó là, màá kùn ún. Kò ní ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ tí yóò tún lanu. Mi ò fi bẹ́ẹ̀ rí oorun sùn mọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá pè mí ní Ọ̀gá Igun níbi iṣẹ́, inú á bí mi sí onítọ̀hún, bẹ́ẹ̀ kò ṣẹ̀ mí.

Ní ọ̀sán Sátidé tó kọjá, Bàbá wọlé tàwọn ti àpótí irinṣẹ́ wọn. Wọ́n gbé e kalẹ̀ ní pálọ̀, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ayùn wà nínú rẹ̀, òòlù wà níbẹ̀, ìfági tí àtẹ́lẹwọ́ wọn ti jẹ èèkù rẹ̀ wọnú wà níbẹ̀.

“Bá mi wá ẹni tí yóò lò wọ́n,” wọ́n ní. “Èmi ò nílò wọn mọ́. Mo rò ó lọ rò ó bọ̀, mi ò rí ẹlòmíràn tí mo lè gbé e fún. Ìwọ mọ iyì iṣẹ́.”

Mi ò lè fọwọ́ kan àpótí náà. Mo ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ká lọ sí yàrá ọmọ.”

A dé ibẹ̀, mo mú ọ̀bẹ, mo la igun náà láti òkè, mo di etí nẹ́ẹ̀tì mú, mo fà á. Ó ya wálẹ̀ gbọọrọ, pọ́tì gbígbẹ ń ta sórí bẹ́ẹ̀dì. Mo gbé e lé wọn lọ́wọ́.

“Nẹ́ẹ̀tì ni, sà. Mi ò lo bébà. Mo mọ̀ pé yóò sán, ọ̀lẹ ló ṣe mí. Lọ́jọ́ tí ẹ ní igi yín ni, mo mọ̀ pé kì í ṣe igi.”

Bàbá gbé téèpù náà sókè síbi fèrèsé, wọ́n wò ó títí. Mo ti ń retí èébú. Kí n má purọ́, mo fẹ́ kí wọ́n bú mi. Ohun tí wọ́n sọ ni pé, “Gé bọ́ọ̀dù yẹn. Mo fẹ́ rí igi mi.”

Mo gé e, ó fẹ̀ tó ojú àwo oúnjẹ. Bàbá fọwọ́ ti ògiri, wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n ki ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn bọ inú ihò náà, wọ́n sì dijú. Wọ́n pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n dìde, ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn funfun fún eruku.

“Ó gbẹ,” wọ́n ní. “Ó ti gbẹ láti ọjọ́ tí mo ti rà á.”

Mo wólẹ̀, mo ń bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní kí n dìde. Wọ́n bi mí bóyá ìyàwó mi mọ̀. Mo ní rárá.

“Má sọ fún un,” ni Bàbá wí. “Obìnrin tí kò bá lè gba ọkọ rẹ̀ gbọ́ mọ́, kí ló kù fún un nínú ilé? Jẹ́ kó máa jẹ́ igi. Èmi ti dàgbà, kò ní ṣe mí ní nǹkan kan.”

Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni ìyàwó mi wọlé. Ó wo ihò, ó wo bẹ́ẹ̀dì ọmọ rẹ̀ tó kún fún pọ́tì. “Kí lẹ̀ ń wó?”

“Èmi ni mo ní kí ọkọ rẹ jẹ́ kí n wo igi,” ni Bàbá dá a lóhùn. “Ó... ó ti ń gbẹ díẹ̀díẹ̀. Igi tútù ni mo rà nígbà yẹn.”

Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ wọ́n, mi ò gbọ́ irọ́ lẹ́nu Bàbá rí. Wọn ò mọ̀ ọ́n pa. Ojú wọn ń wá ibi tí yóò bà lé, ọwọ́ wọn ń ká nẹ́ẹ̀tì náà pamọ́ sẹ́yìn bí ọmọ tó jí ṣúgà. Ní ọjọ́ orí wọn, èmi ni mo wá sọ wọ́n di òpùrọ́, nítorí téèpù. Ọ̀rọ̀ náà kọjá ohun tí mo lè gbé mì.

“Kì í ṣe igi,” mo ní.

“Pa ẹnu rẹ mọ́,” ni Bàbá wí.

“Ẹ má bínú, sà. Kì í ṣe igi rárá. Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni.” Mo sì tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀ fún ìyàwó mi, bébà tó wà nínú àpò, nẹ́ẹ̀tì tí mo lò, pọ́tì tí mo ń fi dí i lẹ́yìn rẹ̀.

Kò pariwo. Ká ní ó pariwo ni, mo mọ bí mo ṣe máa ń bẹ̀ ẹ́. Ó kàn bi mí pé láti ìgbà wo ni mo ti mọ̀. Mo ní láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ó wo eruku tó wà lẹ́rẹ̀kẹ́ bàbá rẹ̀, ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì.

“O jókòó tì mí nígbà tí mo ní kí wọ́n máa sinmi,” ó ní. “O jẹ́ kí n fi ẹnu ara mi sọ bàbá mi di arúgbó.”

Bàbá ti jáde sí pálọ̀. Mo gbọ́ tí irin ń dún nínú àpótí, mo sáré bá wọn, mo fẹ́ gbà á lọ́wọ́ wọn.

“Fi sílẹ̀,” wọ́n ní. “Mo ṣì lè gbé e.”

Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n gbé e kalẹ̀ kí wọ́n tó dé ẹnu géètì. Mo dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, mo ń wò wọ́n, mi ò sì láyà láti tẹ̀ lé wọn.