Iná Pupa Tí Kò Jóni

Kí Dókítà Victoire tó la èrìgì Mouftaou ní ilé ìwòsàn eyín tó wà ní Dowa ló ti sọ fún un pé eyín ìsàlẹ̀ méjì níwájú ti ń mì. Bí egbò náà bá jinná dáadáa, wọn yóò dúró. Bí kò bá jinná, wọn yóò yọ. Mouftaou mọ ohun tí ẹnu tí kò léyín ń jẹ́: bàbá rẹ̀ ò tíì darúgbó tó fi ń mu ẹ̀kọ bí ọmọ ọwọ́.

Dókítà ṣí èrìgì náà bí ẹni ń tú ìṣẹ́tí aṣọ, ó ha ìdọ̀tí tó ti le bí òkúta kúrò lára egbòǹgbò eyín, ó sì rán an padà. Lẹ́yìn náà ló mú nǹkan kékeré kan bíi bíìkì ìkọ̀wé, tí iná pupa ń jáde lẹ́nu rẹ̀, ó ń tàn án sójú egbò. Iná náà kò gbóná rárá.

Iṣẹ́ Mouftaou ni títún ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe lọ́jà Ouando. Kò lè rí ohun tó ń ṣiṣẹ́ kó má bèèrè.

“Dókítà, kí ni èyí ń ṣe gan-an?”

“Lásẹ̀ ni wọ́n ń pe iná yìí, bàbá. Abẹ ló ṣe iṣẹ́, èyí kàn ń ràn án lọ́wọ́ ni. Ó ń dín wíwú àti ìrora kù. Bí kò bá dùn yín mọ́, ẹ má rò pé ó ti jinná o. Ẹ má fi orín kàn án títí n ó fi ní kí ẹ lò ó.”

Nígbà tó padà lọ lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ kí dókítà tún tan iná náà sí i, ìrora lọ pátápátá. Ó fi ahọ́n kan ibẹ̀. Ibẹ̀ dákẹ́ bí ilé tí onílé ti kó kúrò.

“Bàbá Wassim,” Safouratou ìyàwó rẹ̀ wí, “ara tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi abẹ là, tí kò wá dùn yín? Ó ń kọ mí lóminú.”

“Ẹ̀rọ tí kò pariwo mọ́, ó ti dára nìyẹn. Àbí o fẹ́ kí n máa ké ni?”

“Ẹ má ké. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni n ó máa po ẹ̀kọ fún yín.”

Nígbà tó ń ṣe àlùwàlá ìrun ọ̀sán, ó mú orín. Láti kékeré, kò kírun láìrun orín rí, àwọn ọjọ́ tó ti fi sílẹ̀ sì ń wúwo lọ́kàn rẹ̀. Ó rọra fi ra eyín. Kò dùn ún. Ó wá ń run ún bó ṣe máa ń run ún.

Ó bu omi nínú búta, ó fi ṣan ẹnu. Omi tó tu jáde pọ́n fún ẹ̀jẹ̀. Òwú dúdú tí dókítà fi rán èrìgì rẹ̀ ti lọ́ mọ́ ẹnu orín. Síbẹ̀, kò dùn ún, èyí ló sì já a láyà jù.

Ó gun alùpùpù zẹ́mì padà sí Dowa. Dókítà wo ẹnu rẹ̀ pẹ́.

“Ẹ tan iná yẹn sí i, dókítà.”

“Èrìgì ti ṣí kúrò lára eyín, bàbá. Iná kò lè lẹ̀ ẹ́ padà.”

Ó fi ìka kan eyín kan, eyín náà tẹ̀. Ó kan èkejì, òun náà tẹ̀. Mouftaou ń wojú rẹ̀.

“Ẹ la ẹnu dáadáa,” dókítà wí, ó sì nawọ́ mú ẹ̀mú tí wọ́n fi ń yọ eyín.