Ọ̀dà Pupa Lára Kànga

Ọ̀gá wa ní ilé-iṣẹ́ ìwádìí ń fi ìwé tí mo kọ nípa kànga àdúgbò wa ṣe abẹ̀bẹ̀. "Iṣẹ́ yìí dáa," ó ní, "ṣùgbọ́n kí ló dé tó o fi kọ́kọ́ sọ fún àwọn ará àdúgbò?"

"Omi tí wọ́n ń mu ni, sà."

Èmi ni mo yẹ omi náà wò. Òjé kún inú rẹ̀, láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tú bátìrì ọkọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Omi náà mọ́ lójú, ó dùn lẹ́nu, bẹ́ẹ̀ ló ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Ni mo bá fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sára kànga: Ẹ MÁ MU Ú.

Ọ̀gá ní àwọn tó ń tẹ ìwé ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ lókè òkun kì í gba ohun táyé ti gbọ́, ohun tí wọ́n bá sì tẹ̀ nìkan là ń wò tá a bá fẹ́ gbéèyàn ga lẹ́nu iṣẹ́. "Ká pa ohun tó o kọ sára kànga rẹ́ ná. Tí wọ́n bá tẹ ìwé yìí tán, o lè tún un kọ."

Owó ìlú la fi ra ẹ̀rọ tí mo lò, ará ìlú ni ò wá gbọdọ̀ gbọ́ èsì! Inú bí mi débi pé mo kàn dìde, mo jáde. Ọ̀gá rò pé mo ti gbà, ló bá rán pẹ́ńtà lọ síbẹ̀ láìsọ fún mi.

Lọ́jọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi gbé oyún ńlá àti kẹ́ẹ̀gì omi wá bá mi níbi iṣẹ́. "Adúmáadán mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ bá wa tún kànga ṣe."

"Ta ló ní a tún un ṣe?"

"Wọ́n ti fi ọ̀dà funfun kun ún. Gbogbo wa ti padà síbẹ̀. Mo ní kí n bu díẹ̀ wá fún yín."

Mo gba kẹ́ẹ̀gì, mo wọlé tọ ọ̀gá lọ, mo bu omi náà sínú kọ́ọ̀bù rẹ̀. "Omi kànga yẹn nìyí, sà. Ẹ mu."

Ó sún kọ́ọ̀bù sẹ́yìn.

"Wọn ò kúkú tíì tẹ̀ ẹ́, sà. Ta ló sọ fún yín pé kò dáa?"

Mi ò dúró gbọ́ èsì. Tí wọn ò bá fẹ́ gbé mi ga mọ́ láyé, kí wọ́n fi sílẹ̀. Mo ra ọ̀dà pupa, mo sì kọ ọ̀rọ̀ náà tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ìyàwó wa dúró tì mí, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí ikùn. "Èyí tí mo ti mu ńkọ́?"

Mò ń kun ọ̀dà lọ. Mi ò lè wo ojú rẹ̀.