Tábìlì Tí Ó Ń Lọ Sílẹ̀

Láti ọjọ́ tí dókítà ti sọ fún Awáṣìṣe pé ìjókòó àjókòójù ni ó ń ba ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́, tí ó sì gbà á nímọ̀ràn pé kí ó wá tábìlì gíga tí yóò máa dúró ti ṣiṣẹ́ nílé, ni ìyàwó rẹ̀ ti gba ọ̀rọ̀ náà kanrí ju ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn lọ. Ohun tí ó kọ́kọ́ mú un fura nìyẹn.

Kí á má parọ́, ìfura kò jìnnà sí ọkùnrin yìí, nítorí òun ni ó fi ń jẹun. Ìwé tí àwọn ẹlòmíràn kọ, tí wọn kò tíì tẹ̀ jáde, ni wọ́n máa ń fi ránṣẹ́ sí i kí ó wá àṣìṣe inú rẹ̀. Ìdí nìyí tí tilé-toko fi ń pè é ní Awáṣìṣe. Ketekete ni ó máa ń kà á síta, tọ̀rọ̀ tàmì: yóò ka gbólóhùn, yóò pe "kọ́mà", yóò pe "àmì ìdánudúró", bí ẹni tí ń ka ẹ̀sùn sí ọ̀daràn létí. Nítorí ariwo yìí ni ó ṣe ní yàrá kan fún ara rẹ̀, yàrá kékeré tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ògiri aládùúgbò, tí ẹnikẹ́ni kì í wọ̀ láìkan ilẹ̀kùn. Bí wọ́n bá ní kí ó nawọ́ sí ohun kan nínú ilé náà, kí ó ní "tèmi nìyí", yàrá yìí ni.

Òun àti ìyàwó rẹ̀ gun àtẹ̀gùn dé ilé ìtajà tí ó kún fún tábìlì àti àga. Obìnrin tí ń tajà níbẹ̀ dìde pẹ̀lú ẹ̀rín.

"Ẹ káàbọ̀, sà. Mà, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o!"

Awáṣìṣe yí ojú sí ìyàwó rẹ̀. "Ọjọ́ mẹ́ta wo?"

"Ẹni tó ń tajà, kí lẹ fẹ́ kó sọ, Bàbá Ìbejì? Ọ̀yàyà ni."

Ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì, ṣùgbọ́n kò dà. Ó lọ dúró nídìí tábìlì onígi kan, gíga, tóóró, tí kò ní ẹ̀rọ kankan lára. Ó gbé ìgbọ̀nwọ́ lé e. Ó bá a mu rẹ́gí. Ìyàwó rẹ̀ kò tilẹ̀ wo ibẹ̀. Ọ̀dọ̀ tábìlì fífẹ̀ kan tí ń fi iná mànàmáná gòkè, tí ń fi í sọ̀ kalẹ̀, ni ó kọrí sí.

"Èyí ńkọ́? Báwo ló ṣe lè lọ sílẹ̀ tó?"

Ìbéèrè yìí gún Awáṣìṣe lójú bí àṣìṣe àárín ìwé. "Ìdúró la wá rà, ìwọ ń bèèrè ìjókòó."

"Ó lè rẹ̀ yín lọ́jọ́ mìíràn."

"Kò tíì rẹ̀ mí."

Ìyàwó fa àga kan, ó jókòó, ó sì na ìka sí bọ́tìnì abẹ́ tábìlì láìwo ibẹ̀. Tábìlì rọra ń bọ̀ wálẹ̀, ó sì dúró lókè itan rẹ̀ gẹ́lẹ́. Ọwọ́ tí kò débẹ̀ rí kì í mọ ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ó dìde lọ wo àwọn àtùpà ìkàwé, ọkọ rẹ̀ sún mọ́ obìnrin ìtajà, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ẹ dákun, ta ni ìyàwó mi ní ó fẹ́ lo tábìlì yìí?"

"Ṣé kì í ṣe ẹ̀yin ni, sà?"

"Èmi ni mo bi yín léèrè."

Obìnrin náà wẹ̀yìn wò. "Mà kàn sọ pé ẹni tó máa lò ó kò lè dúró pẹ́ ni. Wọ́n sì ní ìdí tẹlifóònù ló máa ń wà ṣáá."

Kò lè dúró pẹ́! Nínú gbogbo ẹbí, ẹnì kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ yìí bá mu: àbúrò ìyàwó rẹ̀ ọkùnrin, tí ó wá kí wọn lọ́jọ́ kan, tí ó sì ń kí wọn títí tìmùtìmù àga fi gba àwòrán ìdí rẹ̀, tí tẹlifóònù kò sì kúrò létí rẹ̀ bí ó ti ń wá iṣẹ́ tí kò fẹ́ rí. Awáṣìṣe rí i lójú inú, lórí àga tirẹ̀, nídìí fèrèsé tirẹ̀. Ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀ nídìí àtùpà.

"Ìyá Ìbejì, àbúrò rẹ kò ní wọ yàrá mi!"

"Àbúrò mi wo?"

"Èyí tí kò lè dúró!"

Ìyàwó rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín títí ó fi di etí tábìlì mú. Bí ẹ̀rín ṣe tán, ó tún jókòó, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ bo orúnkún rẹ̀.

"Èmi ni mi ò lè dúró mọ́," ó wí. "Orúnkún mi ti kọ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì nínú wọ́ọ̀dù. Ilé ìwòsàn ní kí n máa jókòó sílé, kí n máa dá àwọn aláìsàn lóhùn lórí tẹlifóònù. Ọ̀rọ̀ àṣírí ara wọn ni, ó di dandan kí n tilẹ̀kùn. Yàrá tí à ń sùn, ibùsùn ti gbà á tán. Tàwọn ìbejì, ariwo ti gbà á tán. Ó wá ku tiyín."

"Ìgbà wo lo fẹ́ sọ fún mi?"

"Bí tábìlì bá ti wọlé. Mo rò pé a lè jọ máa lò ó. Kí n jókòó láàárọ̀, kí ẹ dúró lọ́sàn-án."

"Kò sí aláìsàn ọ̀sán ni?"

Ìyàwó rẹ̀ fọwọ́ ra orúnkún. Awáṣìṣe wo orúnkún náà. Ó ti pẹ́ tí obìnrin yìí ti ń fi ẹ̀gbẹ́ sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ilé wọn. Òun tí kọ́mà kan kì í fò lójú rẹ̀, ó rò pé sùúrù ni.

"Jẹ́ kí á dán an wò," ó wí. Ó mú ìwé pélébé tí wọ́n so mọ́ tábìlì, ó dúró sí igun kan, ó bẹ̀rẹ̀: "Ẹ má ṣe da omi sí i kọ́mà ẹ má sì ṣe gun orí rẹ̀ àmì ìdánudúró."

Ìyàwó gbé àtẹ́lẹwọ́ sétí bíi tẹlifóònù. "Ẹ kú àárọ̀, mà. Níbo ló ń dùn yín kọ́mà, ẹ̀yìn tàbí... Bàbá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́!"

Obìnrin ìtajà fi ọwọ́ bo ẹnu. Awáṣìṣe pàápàá rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti yanjú: ẹnì kan ni yóò gba yàrá náà. Ó wo tábìlì tí ó ti sọ̀ kalẹ̀ dé itan ìyàwó rẹ̀. Ó wo èyí tóóró tí ó wà lókè lọ́hùn-ún.

"Èmi tí wọ́n ní kí n máa dúró," ó wí pẹ̀lú ìmí ẹ̀dùn, "kí ni mo tún ń fi yàrá ṣe? Arábìnrin, ẹ bá wa wọn tóóró yẹn. Ṣé ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa lè gbà á báyìí?"

Kí obìnrin náà tó mú okùn ìwọ̀n, ìyàwó rẹ̀ ti dáhùn: "Á gbà á. Àyè tí èèyàn á gbà kọjá á tún ṣẹ́ kù."

Awáṣìṣe rọra yí padà.

"Ta ló wọn ọ̀dẹ̀dẹ̀?"

"Ọ̀dẹ̀dẹ̀ wo?" ni ìyàwó rẹ̀ wí, tí ó ń wo àtùpà.

Ó wò ó pẹ́ títí, bí ó ti máa ń wo ojú ìwé tí kò rí àṣìṣe kan nínú rẹ̀. "Ẹ bá wa di méjèèjì," ó wí fún obìnrin ìtajà. Lẹ́yìn náà, ó na apá sí ìyàwó rẹ̀ kí ó dì í mú sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ṣùgbọ́n kò gbé ojú kúrò lára rẹ̀.