Ayùn Bàbá Agégi Ń Jò

"Ẹ ò dé ọmọrí rẹ̀ dáadáa ni! Ojú yín ò ríran mọ́, ẹ ò sì fẹ́ gbà."

Ọwọ́-Idán, mẹkáníìkì tó ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe, ló pariwo bẹ́ẹ̀ lójú oníbàárà mẹ́rin tó jókòó sórí bẹ́ńṣì iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Bàbá Agégi, tó jẹ́ ẹgbẹ́ bàbá tó bí i, dúró ti ayùn ẹlẹ́ńjìnnì rẹ̀ tí epo ń kán tó, tó lábẹ́ rẹ̀. Ayùn náà ti lo ogún ọdún lọ́wọ́ bàbá. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni Ọwọ́-Idán tú u palẹ̀, tó sì tún un tò.

"Bóyá kí o wo rọ́bà inú lọ́hùn-ún," bàbá rọra wí.

"Ṣé ẹ̀yin lẹ fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́ ni?"

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín lórí bẹ́ńṣì. Bàbá nu ọwọ́ sára ṣòkòtò, ó fi ayùn sílẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Lọ́sàn-án, nígbà tí oníbàárà tán, Ọwọ́-Idán gbé ayùn náà sórí tábìlì. Ó fẹ́ kó hàn pé òun jàre. Ó da gbogbo epo inú rẹ̀ nù, ó nu ara rẹ̀ títí ó fi gbẹ táútáú, ó sì tẹ́ pépà funfun sábẹ́ rẹ̀. Ilé epo méjì ni ayùn ní: ọ̀kan fún pẹtiróòlù tí ẹ́ńjìnnì ń mu, èkejì fún ọ́ìlì tó ń mú ṣéènì yọ̀. Ó kọ́kọ́ rọ pẹtiróòlù. Ó dúró. Pépà gbẹ. Ó wá rọ ọ́ìlì, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ dé ọmọrí rẹ̀ le dan-in-dan-in. Kò pẹ́ tí àbààwọ́n dúdú fi yọ lórí pépà. Ó fìka kan ẹnu ọmọrí. Gbígbẹ ló gbẹ.

Kì í ṣe ọmọrí ló ń jò.

Ó tú ìdè, ó yọ ṣéènì, ó wá fa rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tí ọ́ìlì ń gbà kọjá jáde. Ojú ọgbẹ́ kan wà lára rẹ̀, tó tọ́ tó sì mú, tí kò jọ ti ogbó rárá. Ó gbé ẹnu irin tó fi ń tú ìdè lé e. Wọ́n bára mu wẹ́kú.

Ó rántí. Fóònù wà láàrin etí àti èjìká rẹ̀ lọ́jọ́ tó ń tún ayùn náà tò. Ó ń kánjú, rọ́bà ò wọlé, ló bá fi ẹnu irin tì í. Ìka tó ṣẹ̀ lọba ń gé. Ìka tí òun gé láàárọ̀ kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Ó fi rọ́bà tuntun sí i, ó tún un dán wò, kò jò. Ó gbé e lé èjìká, ó forí lé ilé bàbá. Ẹ̀yìnkùlé ló ti bá a, níbi tó ti ń fi àáké la ìtì igi ńlá kan. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti bó.

Ọwọ́-Idán kúnlẹ̀ sínú èérún igi. "Bàbá, èmi ni mo ba rọ́bà yẹn jẹ́. Ẹ dárí jì mí."

"Mo mọ̀," ni bàbá wí. "Ìṣojú mi ni. O ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù."

"Kí ló dé tẹ́ ò wí láàárọ̀?"

"Àwọn oníbàárà rẹ jókòó, ọmọ mi. Òkìkí iṣẹ́ rẹ ni wọ́n gbọ́ tí wọ́n fi wá."

Ọwọ́-Idán wò yíká. Adìyẹ méjì ló ń talẹ̀ lẹ́bàá ògiri. Kò sẹ́lòmíì tó gbọ́ ẹ̀bẹ̀ rẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè yà sí ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ ọ̀la, nígbà táwọn èèyàn bá pé?"

"Kí n wá ṣe kí ni? Ṣé ó ṣì ń jò ni?"

"Rárá, sà. Kò jò mọ́. Ojú wọn ni mo ti tàbùkù yín, ojú wọn náà ni mo fẹ́ ti bẹ̀ yín."

Bàbá na ọwọ́ sí i pé kó dìde. Kò tíì lè dìde.